Pupa ń ṣàn wọnú yẹ́lò lórí kúkì ìgbà ìwọ́wé: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ royal icing (ṣúgà pípò tí wọ́n fi ń ṣe kúkì lọ́ṣọ̀ọ́, tó máa ń gbẹ le) dáadáa. Kúkì tó rí bí ewé igi maple ni; ohun tí mo fi po icing rẹ̀ nìyí: icing sugar 450g, meringue powder (ìyẹ̀fun tí wọ́n fi funfun ẹyin gbígbẹ ṣe) ṣíbí ìjẹun 3, omi 80ml. Bí mo bá fi ọ̀bẹ fa ìlà sí icing náà, ìlà náà ń pa dé ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Yẹ́lò kò yọnu rárá. Pupa ni wàhálà: tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti yọ́ wọnú yẹ́lò, etí ewé á rí bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ ń ṣí. Gel (àwọ̀ oúnjẹ tó ki) púpọ̀ tí mo bù sí i kó tó pọ́n ni mo fura sí. Ṣé kí n po pupa sílẹ̀ lóru, kí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìfi gel kún un? Àbí kí yẹ́lò kọ́kọ́ gbẹ níwájú fáànù fún wákàtí 8? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.