Báwo ni mo ṣe lè gbádùn ìpàtẹ fọ́tò oge?

Ọlọ́wọ́-Abẹ́rẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí. Látìgbà tí mo ti kó wá sí ìlú ńlá ni mo ti ń lọ wo ìpàtẹ fọ́tò oge, torí ọ̀rọ̀ aṣọ ò sú mi rí. Àmọ́ mi ò gbádùn ẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Mo wo gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi fóònù yà wọ́n. Ìgbà tí mo fi máa jáde, ẹsẹ̀ ń ro mí, orí ń fọ́ mi. Mo délé, mo ṣí fóònù, ojú ara mi ni mo ń rí nínú gíláàsì tó bo àwọn fọ́tò náà. Aṣọ kan ṣoṣo ni mo rántí, mi ò sì rántí bí wọ́n ṣe gé ọrùn ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó dúró síwájú fọ́tò kan títí mo fi yí yàrá náà po tán. Kí ni wọ́n ń wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àǹtí Onífọ́tò:
Àbúrò mi, fọ́tò igba ti pọ̀ jù fún ojú méjì. Èmi máa ń kọ́kọ́ rìn yíká láìdúró, màá wá padà sídìí mẹ́ta tó bá fà mí mọ́ra. Tóo bá ti dúró, ẹyinjú ẹni tí wọ́n yà ni kóo kọ́kọ́ wò. Wàá rí ohun funfun kékeré tó ń dán nínú ẹ̀. Iná tí wọ́n fi yà á nìyẹn. Tó bá ní igun mẹ́rin, ó lè jẹ́ fèrèsé. Tó bá rí bí òrùka, iná olóbìírípo ni. Látibẹ̀, máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sára aṣọ. Má sì jẹ́ kí òkùnkùn yàrá yẹn bí ẹ nínú o. Iná máa ń ṣá fọ́tò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń dín in kù sí bíi 50 lux, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀.

Bàbá Télọ̀:
Ọmọ mi, ojú aránṣọ ni kóo fi wò ó. Fọ́tò kan wà tí Richard Avedon, onífọ́tò oge ará Amẹ́ríkà, yà ní Paris lóṣù kẹjọ ọdún 1955: Dovima, obìnrin afoge-ṣiṣẹ́, dúró láàárín àwọn erin, ó wọ aṣọ ilé aránṣọ Dior tí Yves Saint Laurent tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, erin nìkan ni mo rí. Ìgbà kejì ni mo tó rí bí awọ erin ṣe hun jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ dúdú tó jọ̀lọ̀, àti ọ̀já funfun tó wọ́ lọ sílẹ̀. Avedon fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn ibi tí ọ̀já yẹn gbà. Mo ti wo ọ̀já yẹn títí!
Mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù dání, má mú báírò, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í gbà á. Ya apá aṣọ kan ṣoṣo sínú ẹ̀. Ohun tọ́wọ́ bá yà, ojú á rí i dáadáa.

Arìnrìn-àjò:
Àǹtí, ẹ má bínú, mẹ́ta ti kéré fún àwọn onífọ́tò kan. Ẹ wo Seydou Keïta tó ṣí ilé ìyàwòrán sí Bamako ní Mali lọ́dún 1948. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn bí ọdún méjì sí mẹ́ta, á pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn náà, òun ló sì fi ń mọ ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo mẹ́ta ò ní rí ìyẹn.

Àǹtí Onífọ́tò:
Òótọ́ lo sọ. Ti ìpàtẹ tí onífọ́tò púpọ̀ jọ wà nínú ẹ̀ ni mo ń wí.

Ọlọ́wọ́-Abẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo padà lọ láàárọ̀ àná, èrò ò pọ̀. Mo dúró síwájú fọ́tò kan tí mo fò dá lọ́jọ́sí. Mo rí fèrèsé nínú ẹyinjú ọmọbìnrin náà, àní mo rí igi tó dábùú ẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìbàdí aṣọ ẹ̀ sínú ìwé, ni mo bá rí i pé ìlà mẹ́ta ń fà lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí nǹkan bá há aṣọ mọ́. Aṣọ yẹn tóbi jù fún un! Àǹtí, ṣé wọ́n fi pínì dì í lẹ́yìn ni?

Àǹtí Onífọ́tò:
Pínì ni, tàbí ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ lórí okùn. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti ń wo fọ́tò kí n tó mọ ìyẹn.