Ahunrin ni mo fara mọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Láti Òṣogbo ni mo ti ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè orúkọ tí Yorùbá lè pe ẹni tó ń ṣètò orin sílẹ̀ fún àwọn tó máa lù ú tàbí tó máa kọ ọ́ (composer lédè òyìnbó), bíi Fẹlá Ṣówándé, àti orúkọ tí a ó pe ohùn tó ń dún lábẹ́ fíìmù (film score), ti dá wàhálà sílẹ̀. (Kì í ṣe Fẹlá Aníkúlápó o. Èyí tí mò ń wí, ọdún 1905 ni wọ́n ti bí i.) Àwọn kan ní akọrin, àwọn kan ní akọ̀wé-orin. Àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn wá mú apilẹ̀-orin jáde, ó ní ṣebí a ti ní àpilẹ̀kọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo bí "kọ" ṣe ń dà wá láàmú. Mo kọ ìwé, mo kọ orin: ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan. Bí mo bá ní "bàbá yẹn ló kọ orin yìí", ta ló mọ̀ bóyá òun ló gbé e kalẹ̀ ni, àbí òun ló kàn gbóhùn sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì? Akọrin ni àwọn tó wọ aṣọ funfun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Akọ̀wé-orin ní tiẹ̀ dà bí ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Apilẹ̀-orin ló dùn létí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ jà sí. Ẹni tó pilẹ̀ nǹkan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nǹkan náà ti ṣẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ṣówándé ṣe? Ẹ gbọ́ African Suite tó ṣe ní 1944. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀, ohùn orin Ephraim Amu, ará Gánà, ló mú. Apá tó kẹ́yìn, Akinla, orin háílááìfù tí àwọn èèyàn ti ń jó sí tẹ́lẹ̀ ni. Oyígíyigì tó ṣe fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìbílẹ̀ wa ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí a bá wá pè é ní apilẹ̀, àṣé a ti gba ti Amu lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe kì í ṣe kékeré: Akinla yìí náà ni rédíò CBC fi ṣe orin ìdánimọ̀ ètò kan ní Kánádà, títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń rí i bí orin tiwọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ahunrin. Ahunṣọ kọ́ ló gbin òwú. Ìyá àgbà kan ló ran án, aláró ló pa á láró (a mọ̀ ọ́n níbí, ìlú aró ni wá), síbẹ̀ bí aṣọ bá jáde, ta ló hun ún la máa ń bèèrè. Ẹnìkan á ní ahunrin jọ ahun. Ṣé ahunṣọ ò jọ ọ́ ni?

Ìbéèrè kejì, ti ohùn abẹ́ fíìmù, ló le jù. Nígbà ogun Hitler, Ṣówándé bá Colonial Film Unit ṣiṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń ṣe sinimá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé kiri han àwọn èèyàn wa ní pápá. Kí la ó pe orin bẹ́ẹ̀? Ẹ ní orin fíìmù. Lójú tiwa, orin fíìmù ni èyí tí wọ́n ń kọ nínú àgbéléwò, tó ń sọ fún wa pé ọkọ máa kú kí ọkọ fúnra rẹ̀ tó ṣàìsàn! Ti Ṣówándé àti ẹgbẹ́ rẹ̀, púpọ̀ ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí kò sì ní ọ̀rọ̀, Yorùbá kì í sábà pè é lórin: a ń lùlù, a ń fọn fèrè, a ń tẹ dùùrù.

Ṣùgbọ́n a mọ iṣẹ́ náà. Bí Àtáọ́ja bá ń jáde, dùndún á ti wí i kí ẹ tó rí adé. Nínú Ọba Kòso tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde nílùú yìí, bàtá ló ń ṣíwájú Ṣàngó. Ohùn-abẹ́-eré ni mo dábàá, torí ohùn gba ìlù, ó gba gòjé.

Mo dán méjèèjì wò lára àyàn kan ládùúgbò wa. Mo ní, "Bàbá, ahunrin ni ọkùnrin yìí." Ó ní, "Òun náà ló lù ú?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹlòmíràn ló wọ aṣọ ẹ̀ nìyẹn." Mi ò ṣàlàyé kankan fún un o. Ìgbà tí mo dé orí ohùn-abẹ́-eré, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé kí ló ń ṣe lábẹ́.

Ní 1962, nígbà tí Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé iṣẹ́ ọnà, Mbari tó ti inú èdè Ígbò wá làwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀. Wọn ò pe ìpàdé kankan. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú rẹ̀ fún ohùn inú fíìmù lẹ́nu ọmọ aráyé, kó jọ̀ọ́ mú un wá. Tèmi yẹn ò tíì jinná.