Oògùn olóró kọ́: lórí orúkọ tí a ó fún oògùn eré ìje ẹṣin àti olùkọ́ tí a ń fura sí

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú làákàyè. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ ni pé kí la ó máa pe "doping", ìyẹn fífi oògùn ṣèrú, nínú eré ìje ẹṣin, kí la ó sì máa pe olùkọ́ ẹṣin tí gbogbo ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń lò ó. Ìdáhùn méjì ló ti jáde: "oògùn olóró" fún ti àkọ́kọ́, "olóògùn" fún ìkejì. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi oògùn olóró ṣáájú. Létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, kokéènì ni oògùn olóró, ohun tí òfin kò fẹ́ bá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n betamethasone ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tó ń jẹ́ Medina Spirit lẹ́yìn tó gba ipò kìíní ní Kentucky Derby, ìdíje ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021. Oògùn tí dókítà ẹranko ń lò fún oríkèé tó wú ni, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má fi tọ́jú ẹṣin. Ohun tí òfin Kentucky kọ̀ ni pé kí ó ṣẹ́ kù lára ẹṣin lọ́jọ́ ìdíje, bó ti wù kó kéré tó. Píkógíráàmù 21 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n rí. Tí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù, ẹyọ kan níbẹ̀ ni píkógíráàmù kan. Bob Baffert tó kọ́ ẹṣin náà ní ìpara tí wọ́n fi pa á lára nítorí àrùn awọ ló fà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n gba ipò kìíní kúrò lọ́wọ́ Medina Spirit, wọ́n sì gbé e fún Mandaloun. Ẹni tó bá kọ "oògùn olóró" sínú ìròyìn yìí ti purọ́ fún òǹkàwé rẹ̀ láìmọ̀.

Ti oògùn tó ń jẹ́ Lasix tún le ju ìyẹn lọ. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin kù nígbà tó bá ń sá eré àsápajúdé, ó sì ń mú kí ẹṣin tọ̀ débi pé ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fún ẹṣin ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ ìdíje gan-an, tí wọ́n á tún kọ lẹ́tà L sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lè rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gbọdọ̀ bá a lára ẹṣin lọ́jọ́ náà. Ẹṣin kan náà, oògùn kan náà, òkun ló là wọ́n láàárín, ohun tó jẹ́ ìtọ́jú níhìn-ín sì di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, ìwà ni kí a fún lórúkọ: ìfoògùnṣèrú. Ó gùn díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè ìtumọ̀. Ní ti oògùn fúnra rẹ̀, àjọ tó ń ṣe àbójútó eré ẹṣin ní Amẹ́ríkà ti ràn wá lọ́wọ́. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ya oògùn sí ọ̀nà méjì: èyí tí kò gbọdọ̀ kan ẹṣin láé, àti èyí tí a lè fún un ṣùgbọ́n tó ní ìwọ̀n àti àkókò tirẹ̀. Mo dábàá "oògùn èèwọ̀" fún ti àkọ́kọ́ àti "oògùn onígbèdéke" fún ìkejì. Oògùn onígbèdéke ni betamethasone Baffert. Tí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró.

Ẹnì kan ní "oògùn amúsáré" ti tó. Kò tó o. Ìdajì ìtàn náà jẹ́ ti àwọn tí kò fẹ́ kí ẹṣin sáré rárá. Ní ọdún 1812, wọ́n yẹgi fún Daniel Dawson ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ó fi májèlé arsenic sínú omi tí àwọn ẹṣin ń mu ní Newmarket. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ní Doncaster, wọ́n fún ẹṣin méjì, Bravefoot àti Norwich, ní oògùn tó ń mú ara dẹ̀, wọn ò sì lè sáré bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, "oògùn afàsẹ́yìn" ló bá irú ìyẹn mu. Olùkọ́ ni wọ́n sì ṣẹ̀ níbẹ̀. Òun kọ́ ló ṣẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má túmọ̀ "milkshake" sí wàrà. Kò sí wàrà nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n po sódà bicarbonate mọ́ ni, tí wọ́n ń fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú ẹṣin rọ sínú ikùn rẹ̀ kí oró tó ń kó jọ sínú iṣan nígbà eré má bàa tètè mú un. "Àrọsímú" ni mo máa pè é.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni mo fẹ́ jókòó tì. Wọ́n ti dábàá "akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹṣin", mo sì rẹ́rìn-ín, torí bọ́ọ̀lù ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń kọ́ni láti gbá. "Akẹ́ṣin" bá "agẹṣin" rìn dáadáa, àmọ́ etí á kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó ń kẹ́ ẹṣin, tàbí kó gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ẹṣin ṣì ni mo dúró lé, bí kò tilẹ̀ dán.

Kí ló wá burú nínú "olóògùn"? Èkíní, ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tó mọ ewé, ẹni tí a ń wá lọ nígbà ìṣòro. Èkejì ló ṣe kókó: ó ti dá ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin eré ẹṣin sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára ẹṣin, ọrùn olùkọ́ ló wà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ní láti fi hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀bi ìkáwọ́ ni mo fẹ́ ká pe irú èyí, torí pé ẹṣin wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bi àmọ̀ọ́mọ̀dá.

Ẹ wo Jorge Navarro, olùkọ́ ẹṣin kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ti ń fura sí i tipẹ́, nítorí pé ẹṣin tí kò já mọ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn máa ń yí padà bírí tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Juice Man", bí ẹni ń sọ pé ọkùnrin oògùn, ni wọ́n ń pè é, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tilẹ̀ fi bàtà tí wọ́n kọ orúkọ náà sí hàn. Títẹ́tí sí ìpè fóònù ni wọ́n fi mú un ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Jason Servis, tó kọ́ ẹṣin tó ń jẹ́ Maximum Security, gba ọdún 4 ní 2023. Ìyẹn ni ẹ̀bi àmọ̀ọ́mọ̀dá, àyẹ̀wò ò sì rí i. Ti Baffert, àyẹ̀wò rí nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ìkáwọ́ ni ìdájọ́ náà dúró lé. Tí a bá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní olóògùn, a ti pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́.

Fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, "afurasí" tí ìwé ìròyìn ń lò wà ńlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń dà mí láàmú: a- tó ní ohùn àárín máa ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan, bí apànìyàn. Ẹni tó ń fura ni afurasí yóò jẹ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń fura sí la ní lọ́kàn. Bí àyànfẹ́ ṣe jẹ́ ẹni tí a yàn, àfurasí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ló yẹ kó jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ó ti bọ́ sórí, pé kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n èmi á máa fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ yẹn sí i.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń ròyìn ohun tí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó kọ "olóògùn" sínú àmì àyọlò, kí òǹkàwé mọ̀ pé ẹnu wọn ló ti jáde.