Kí la ó pe Hatshepsut: ayaba, adelé àbí ọba?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé béèrè lánàá pé kí ni àwọn ó pe Hatshepsut, obìnrin tó jẹ Fáráò ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1479 sí 1458 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n ní àwọn ti kọ "ayaba" sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká sọ ọ́ di "Fáráòbìnrin". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Aya ọba ni ayaba. Àwọn ará Íjíbítì náà ní ọ̀rọ̀ yẹn, "hemet-nesu", "aya ọba" náà ló sì túmọ̀ sí. Hatshepsut jẹ́ ẹ lóòótọ́, nígbà tí Thutmose Kejì, ọkọ rẹ̀, wà láyé. Ọkọ kú, ọmọ orogún rẹ̀, Thutmose Kẹta, gorí ìtẹ́ lọ́mọdé, Hatshepsut sì ń bá a mójú tó ìlú. Ọ̀rọ̀ tiwa wà nílẹ̀ fún ìyẹn: adelé. Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ àti Èkìtì á rántí pé tí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi ṣe adelé, á máa múra bí ọkùnrin, wọ́n á sì máa kí i ní Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n adelé a máa kúrò bí ọba bá dé. Hatshepsut kò kúrò. Nígbà tó fi máa di ọdún keje, ó ti gba orúkọ oyè ọba, Maatkare, wọ́n sì ń gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n àfilé tí àwọn Fáráò máa ń lò. Láti ibẹ̀ lọ, ọba ni.

"Fáráòbìnrin" ló dùn mí jù, torí ó dà bí ẹni pé a ò wo inú ọ̀rọ̀ náà. "Per-aa" ti èdè Íjíbítì ni "Fáráò" ti wá, ìyẹn "Ilé Ńlá": ààfin. Nínú ìran ọba kejìdínlógún, ìran tiẹ̀ gan-an, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààfin pe ọba fúnra rẹ̀. Ilé kò ní akọ, kò ní abo. Ìtàn ẹnu sọ pé obìnrin ni Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, obìnrin náà sì ni Ọọ̀ni Lúwòó. Ta ló pe ọ̀kan ní "Aláàfinbìnrin" rí?

Ẹnì kan fèsì pé àwọn akọ̀wé Íjíbítì fúnra wọn fi hàn pé obìnrin ni. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti ṣọ́ra. Níbi tí ọba ọkùnrin ti ń jẹ́ "sa-Ra", ọmọkùnrin Rà, òrìṣà oòrùn wọn, "sat-Ra" ni wọ́n kọ fún un. "Ó" tiwa kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà bí ẹ bá kọ "ọmọ Rà" lásán, ohun tí wọ́n dìídì kọ ti sọnù nìyẹn. Ẹ kọ "ọmọbìnrin Rà" ní kíkún. Oyè ọba ní tiẹ̀, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, "Fáráò Hatshepsut, ọmọbìnrin Rà" ni mo dábàá. Tí ẹ bá sì dé orí ìwé tí wọ́n ti ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri nígbà tí ìjọba Thutmose Kẹta ń lọ sópin, ẹ jọ̀ọ́, ọba náà ni kẹ́ ẹ ṣì máa pè é.