“Oró agolo” kọ́ ni orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé, ní Yorùbá, ká máa pe TBT (tributyltin), májèlé tó máa ń wà nínú ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, ní “oró agolo”, torí pé “tin” tó parí orúkọ rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe agolo. Ẹ jọ̀ọ́ sà, agolo yẹn ni mi ò gbà. Ohun tí à ń rọ nǹkan sí ni agolo. Agolo mílíìkì pàápàá, irin ni. Mẹ́táàlì tí à ń pè ní tíìnì ni wọ́n kàn fi bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ “oró agolo” á rò pé agolo tí wọ́n jù sódò ló fa wàhálà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sábẹ́ ọkọ̀, kí ewé omi àti ìkarahun má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ló gbé e wá. Odò Crouch ní Essex, níbi tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ sí, mọ̀ ọ́n dáadáa. 1987 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 25, ṣùgbọ́n ohun tó ti rọlẹ̀ sísàlẹ̀ odò kì í tètè lọ bíi ti inú omi.

“Tíìnì oníbútáìlì mẹ́ta” ni èmi fara mọ́. Wọ́n ní ó gùn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n “mẹ́ta” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀! Bútáìlì (ìdì átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn) mẹ́ta ló so mọ́ tíìnì. Bó bá ń jẹrà, ọ̀kan á já, á ku méjì, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ ka oníbútáìlì mẹ́ta, oníméjì àti ẹlẹ́yọ kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: á fi ásíìdì yọ wọ́n, á fi kẹ́míkà sodium tetraethylborate sọ wọ́n di ohun tó lè di gáàsì, kí ẹ̀rọ GC (gas chromatograph) tó yà wọ́n sọ́tọ̀. “Oró” ò lè pín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìṣirò: nánógíráàmù 10 tí a bá ka tíìnì nìkan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 24 tí a bá ka bútáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Orúkọ tí kò fi èwo hàn á ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ní ti “ẹrẹ̀ odò” tí wọ́n tún fẹ́ ká máa pe ohun tó rọlẹ̀ sísàlẹ̀ odò (sediment), rárá o. Ẹrẹ̀ wà lójú títì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ohun tó rọlẹ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi, aláró, ṣe ń pe ti ìsàlẹ̀ ìkòkò aró. Ẹni tó ní ti ìsàlẹ̀ ẹmu nìkan ni wọ́n ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kó sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.