Ká má sọ base di ìpìlẹ̀: èsì mi sí lísìtì ọ̀rọ̀ kẹ́mísìrì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ti ka lísìtì tí Bàbá wa ará Òmù-Àrán fi ránṣẹ́, pẹ̀lú èsì tó ti tẹ̀lé e. Fún ẹni tí ò tíì rí i, Bàbá ní ká máa pe acid ní kíkan, base ní ìpìlẹ̀, indicator (ohun tó ń yí àwọ̀ láti fi acid àti base hàn) ní atọ́ka, titration (kíkán ìkan sínú ìkejì títí wọ́n fi máa dọ́gba) ní ìkánwọ̀n, precipitate (nǹkan tó máa ń yọ tí omi méjì bá dà pọ̀) ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí àwa tíṣà máa fi kọ́ àwọn ọmọ SS1 nígbà tá a bá ń ṣe práátíkà. Àbúrò wa kan wá dáhùn pé iṣẹ́ àṣedànù ni, pé òyìnbó ni WAEC fi ń bi ìbéèrè, ká yáa fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi ò bá ìkankan nínú àwọn méjèèjì lọ dé òpin. Kẹ́mísìrì ni mo ń kọ́ nílé ìwé gọ́mìnà kan ní Ìlọrin níbí, lábù wa ní sínkì ṣùgbọ́n omi kì í yọ níbẹ̀, nítorí náà ọjà Ìpàtà ni èyí tó pọ̀ nínú ohun tá a fi ń ṣe práátíkà ti ń wá, ojú ibẹ̀ ni mo sì fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìpìlẹ̀ kúrò ńlẹ̀. Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dúró. Wọ́n ní base, a ṣí díkíṣọ́nárì, a bá ìpìlẹ̀ níbẹ̀, ó parí. Ṣé ẹ mọ ìdí táwọn tó ni ín fi pè é bẹ́ẹ̀? Ará Faransé kan, Rouelle, ló gbé e wọ kẹ́mísìrì ní 1754. Ohun tó rí ni pé ásíìdì ayé ìgbà yẹn, olómi ni èyí tó pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n bá gbé e kaná á bá afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tó bá pàdé ẹ̀, ńṣe ló máa sọ ọ́ di iyọ̀ gbígbẹ tó ṣeé bù sọ́wọ́, nǹkan yẹn ló wá pè ní base torí pé òun ló fún ásíìdì lẹ́sẹ̀ tó fi dúró. Ìtàn yẹn dáa, ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn ni. Ọmọ SS1 tó bá gbọ́ ìpìlẹ̀, bíríkìlà ló máa rò, kò sì sí ohun tó wà nínú omi ọṣẹ tó máa jẹ́ kó rántí ìpìlẹ̀ láéláé.

Alkali, ìyẹn base tó ń yòrò nínú omi, lèyí tó dùn mọ́ mi jù nínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, torí pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ yẹn gbà kọjá. Lárúbáwá ni, al-qalī, eérú igi tàbí ewéko tí wọ́n jó ni. Ọmọ Ìlọrin tó ń lọ ilé kéú nírọ̀lẹ́ á ti mọ "al" tó wà níwájú ẹ̀ kó tó dé kíláàsì mi. Ibi eérú yìí náà ni potassium ti gba orúkọ: nígbà tí Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Gẹ̀ẹ́sì, yọ ọ́ jáde ní 1807, inú potash ló ti yọ ọ́, potash fúnra ẹ̀ sì ni eérú inú ìkòkò lédè tiwọn, K tí wọ́n kọ sí i lórí téébù àwọn èròjà, kalium ni, ara al-qalī yẹn náà ló ti wá. Táwọn tó ni kẹ́mísìrì bá lè pè é ní eérú fún gbogbo àkókò yìí, kí ló máa wá ṣe àwa tí ìyá wa ń ro omi eérú fi se ọṣẹ dúdú? Omi eérú ni mo fẹ́ fún alkali. Ẹni tó bá sọ pé sódà táwọn ọlọ́ṣẹ ń rà nínú nylon kò ti inú eérú wá, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n alkali tó wà nínú ìwé òyìnbó náà ò ti inú eérú wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n yí i padà. Base ní tiẹ̀, ká kọ ọ́ ní béèsì ká sinmi, torí gbogbo omi eérú ni béèsì, gbogbo béèsì kọ́ ni omi eérú.

Kíkan ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ní Tàíwò Road, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń bù sínú ẹ̀. Ásíìdì ni wọ́n máa sọ, ẹni tí ò kàwé rárá nínú wọn máa sọ ásíìdì. Ọ̀rọ̀ tó ti di tàwọn oníṣẹ́ ọwọ́, Yorùbá ni. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kíkan, ẹnu la fi ń mọ̀ ọ́n. Òfin tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ sójú bọ́ọ̀dù ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ nǹkan kan wò nínú lábù, ṣé èmi náà ni màá tún wá kọ́ wọn ní orúkọ tó ń sọ pé kí wọ́n tọ́ ọ wò? Ó tún kù o: orúkọ tó bá ti ń ṣàlàyé jù, ó lè wá purọ́. Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, rò pé ọ́ksíjìn ló ń mú ásíìdì kan, ló bá fi Gíríìkì sọ ọ́ ní ohun tó ń bí kíkan, àwọn ará Jámánì náà ní Sauerstoff, èròjà kíkan. Nígbà tó di 1810, Davy yìí kan náà fi hàn pé kò sí ọ́ksíjìn kankan nínú ásíìdì tá à ń pè ní hydrochloric lónìí. Orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé ṣí mọ́.

Atọ́ka, mo fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ ti ń bá a pàdé nínú gírámà Yorùbá, kò lè bà wọ́n lẹ́rù.

Àbí kí n sọ bí atọ́ka yẹn ṣe ń rí lọ́wọ́ wa. Zobo ni. Mo máa ń ní kí wọ́n rẹ ewé zobo gbígbẹ sínú omi gbígbóná, kó tutù, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n wá là á dáadáa títí tó fi máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, torí tó bá ki bí èyí tá à ń mu ní páàtì, ẹ ò ní rí ìyípadà kankan. Wọ́n á pín in sínú ife ike funfun. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkan, á pọ́n yòò. Omikan ògì náà á pọ́n ọn, ṣùgbọ́n kò ní tó bẹ́ẹ̀. Omi iyọ̀ àti omi ṣúgà, ó wà bó ṣe wà. Ẹ wá kán omi eérú tàbí omi kán-ún sí ìkan, àwọ̀ pupa yẹn á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, á dà bí aró, á wá lọ sí àwọ̀ ewé, ariwo tó máa sọ níbẹ̀, tíṣà ìtàn tó wà ní kíláàsì kejì á wá yọjú. (Omi eérú tó bá le máa ń bó ọwọ́ o, ẹ là á, ẹ má sì jẹ́ kó kàn wọ́n lójú.) Tí ẹ bá tún kán ọsàn wẹ́wẹ́ padà sínú aláwọ̀ ewé yẹn, á hó díẹ̀, kábọ́nì dàyọ́ksáìdì ló ń jáde, á sì máa padà pọ́n. Kò sẹ́ni tó tíì pe ásíìdì tàbí béèsì títí dé ibẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ fúnra wọn ni "ó ti pa á", "rárá, kò tíì pa á tán, kán an sí i".

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá bọ̀ gan-an nìyẹn. Orúkọ nǹkan, a lè yá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe, tiwa mú ju èyí tá à ń yá lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ ìkankan nínú ẹ̀ sínú lísìtì yẹn. Obìnrin tó ń ṣe ògì ń rẹ, ó ń sẹ́, ó ń jẹ́ kó tòrò, ó ń rọra da omi orí ẹ̀, ìdajì práátíkà SS1 nìyẹn. Ẹ wo melt àti dissolve, ọdọọdún làwọn ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ṣúgà "melts in water", máàkì ń lọ. Mo máa ń fi ṣíbí òrí kan lé orí omi gbígbóná, kí omi má kan òrí náà, mo sì máa da iyọ̀ sínú ife omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo á ní kí wọ́n sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe. Òrí ń yọ́, iyọ̀ ń yòrò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Òtítọ́ ni pé a máa ń gbé méjèèjì síra wọn tó bá di ọ̀rọ̀ yìnyín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ pé iyọ̀ yọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo á wá sọ èyí tí òyìnbó ń pè ní melt fún wọn àti èyí tó ń pè ní dissolve, wọn ò sì tún ní ṣì í mọ́.

Àbúrò wa, ohun tí mo rí tí mo fi ní mi ò bá ẹ lọ nìyẹn. Wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní páráímárì rí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páráímárì ni. Sẹ́kọ́ńdìrì yàtọ̀, mo mọ̀, ìdánwò ò ní yí padà nítorí wa. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi rí nǹkan náà, èdè ilé ni wọ́n fi rí i.

Ó ku ìkánwọ̀n. Mo fẹ́ràn kán tó wà nínú ẹ̀, torí síríńjì tá a ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára ẹ̀ la fi ń ṣe burette (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń kán an), kíkán náà ni à ń kán an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó kan, ó kán, ó kàn, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí lórí bébà wọn, ẹ wá kọ ìkánwọ̀n láìfàmì sí i, "ìkan wọn" lẹ máa kà. Ìyẹn nìkan tiẹ̀ kọ́, wíwọ̀n kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú titration, ibi tí à ń kán an dé ni, tí ásíìdì àti omi eérú fi máa dọ́gba, tí zobo á wá yí. Ìkándọ́gba lèmi mú wá. Kódà láìsí àmì, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè kà á sí.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ò ṣeé gbà fún precipitate rárá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀ kó tó lọ sísàlẹ̀, ẹ wo ògì tí ẹ bá ro ó, á rú, tí ẹ bá fi sílẹ̀, á tòrò, ohun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Precipitate ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ yòrò álọ́ọ̀mù sínú omi, ẹ sẹ́ omi kán-ún sọ́tọ̀, méjèèjì á mọ́ gaara, ẹ dà wọ́n pọ̀, nǹkan funfun kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù á ṣàdédé yọ. Níbo ló ti wá? Ìbéèrè tí ọmọ yẹn máa bi gan-an ni kẹ́mísìrì, tí ẹ bá ti pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ ti pa ìbéèrè náà.

"Ó dì" làwọn ọmọ mi ń sọ, bí wàrà ṣe ń dì tí wọ́n bá fi omi bọ̀mubọ̀mu sí i. Wàrà kì í ṣe omi gaara, mo mọ̀, ṣùgbọ́n dì yẹn sún mọ́ ọn. Mo kàn ń wá orúkọ tá a lè yọ lára ẹ̀ ni: èdì ti di ti olóògùn, ìdì sì jẹ́ ẹrù tá a dì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgbómìnà, láti Àjàṣẹ́ títí dé Òró àti Ẹ̀síẹ́, tí wàrà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣù nínú ìkòkò, kó tó di pé wọ́n kó o sínú ajọ̀, kí lẹ ń pe ohun tó ń ṣù yẹn?