Àlàyé ìkẹyìn: mo ti gun alùpùpù dé Sókótó, mo sì ti padà sí Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rántí pé mo béèrè bí èmi nìkan ṣe lè gun alùpùpù láti Àkúrẹ́ dé Sókótó nínú ooru oṣù kẹta. Àná ni mo wọlé.

Títí dé Jẹ́bà, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn Kontagora ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tí ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, tí atẹ́gùn ń ti ẹ̀gbẹ́ gbá mi. Bí tírélà bá kọjá, alùpùpù á mì tìtì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní kí n má di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, kí n fi itan há táńkì mọ́ra, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìmọ̀ràn yẹn ló gbé mi dé.

Ṣéènì ni mo ṣe àṣìṣe sí. Ọ́ìlì tí mo ń dà sí i láràárọ̀ ń kó iyanrìn jọ, ṣéènì náà sì ń han wínrinwínrin. Ní Yáúrì, mẹkáníìkì kan fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ó ní kí n máa kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i lálẹ́, kí n nù ún kí n tó gbéra. Kò han mọ́ títí mo fi délé.

Nítorí ooru, láti aago 12 sí 4 ọ̀sán, abẹ́ igi ni mo máa ń wà.

Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé níbí. Ẹ ṣé gan-an. Ìyá mi ti gbé iyán kalẹ̀.